Olú orí ògán ò hù mọ́ lóko wa. Báwo ló ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín?

Omo_Oloko_Owo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí láti Sátidé, mo ní kí n gbé e wá síbí. Mo lọ sóko bàbá mi lọ́nà Ìfọ́n, òjò ti rọ̀ dáadáa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, irú àsìkò tó jẹ́ pé nígbà tá a wà ní kékeré, ìyá wa kan tó jẹ́ àbúrò ìyá bàbá mi á ti jí wa láago márùn-ún ìdájí pé ká gbé agbọ̀n, kí ẹlòmíì má lọ ṣáájú wa débẹ̀. Ògán mẹ́ta ló wà nínú oko yẹn. A mọ̀ wọ́n bí a ṣe mọ ilé ará àdúgbò wa, a mọ èyí tó máa kọ́kọ́ yọ olú àti èyí tó máa ń pẹ́. Olú ńláńlá, ọ̀kan á bo odindi àwo, ìdí ẹ̀ á gùn wọnú ilẹ̀ débi pé tó o bá fi ìkánjú fà á, á dá sínú ilẹ̀. Tí olú yẹn bá ti wà nínú ọbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ẹran nínú wa.

Ní Sátidé mi ò rí ẹyọ kan. Ẹni tó háyà ilẹ̀ náà ti gbé katapílà wọbẹ̀ nítorí gbágùúdá, ògán méjì ti di pẹrẹsẹ, wọ́n sì da oògùn sí ìkẹta torí wọ́n ní ikán ń jẹ wọ́n lóko. Ó ṣì dúró síbẹ̀ o, àmọ́ òkú ògán ni, koríko ti bò ó mọ́lẹ̀.

Mo wá délé, mo ń ka nǹkan lórí fóònù, ni mo rí i pé IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun sílẹ̀ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní Red List, sọ ní March 2025 pé fungi, ìyẹn ìran olú àti àwọn ẹbí ẹ̀, tí àwọn ti yẹ̀ wò ti pé 1,300, àti pé ó kéré tán 411 nínú wọn ló wà nínú ewu àtiparun. Ẹ̀ẹ́dégbèje péré! Bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ní irú fungi tó wà láyé lè tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀, tí èyí tí wọ́n ti fún lórúkọ nínú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 155,000 lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n wá.

Ṣé èmi nìkan ni mo rí irú èyí? Báwo ló ṣe rí níbi tí ẹ wà?

Iya_Ibeji_Cardiff

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan o. Wales ni mò ń gbé. Olú kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní waxcap, orí ẹ̀ máa ń dán bíi pé wọ́n fi ìda oyin pa á, òmíì pupa fòò, òmíì yẹ́lò, òmíì bí ewé, ọ̀kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pínkì tí etí orí ẹ̀ máa ń ṣẹ́ sókè bíi síkẹ́ẹ̀tì ọmọbìnrin tó ń jó. Nínú ọgbà ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni mo ti kọ́kọ́ rí wọn, oṣù October, mo rò pé ọmọdé ló da súìtì sílẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ pé ọgbà ìsìnkú ni ẹ ti máa rí i jù nìyí: koríko tí wọn ò tíì túlẹ̀ ẹ̀ rí tí wọn ò sì da ajílẹ̀ oníkẹ́míkà sí ló fẹ́ràn. Ilẹ̀ tí ò lọ́ràá ló ń gbé. Àwọn àgbẹ̀ ibí ti da fatiláísà sí èyí tó pọ̀ jù nínú pápá wọn láti bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, koríko ń dàgbà fún màlúù lóòótọ́, àmọ́ waxcap ti kó lọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣíwọ́. Ohun tó wá ká mi lára jù ni pé àwọn èèyàn tó fẹ́ràn igi, tí ọkàn wọn mọ́, lè rí irú pápá bẹ́ẹ̀ kí wọ́n ní ilẹ̀ lásán ni, kí wọ́n gbin igi kún ibẹ̀. Nígbà tí igi bá fi máa ga, koríko tí òjìji ti bò ò lè gbé waxcap mọ́. Iṣẹ́ rere lojú wọn rí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí oṣù kan tàbí méjì péré nínú ọdún ni olú náà máa ń yọjú.

Baba_Koko_Idanre

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ, olú dùn, èmi náà jẹ ẹ́ dàgbà. Àmọ́ nǹkan tí wọ́n ń pè ní fungi yìí náà kọ́ ló ń pa kòkó wa? Tí òjò bá ti rọ̀ jù báyìí, kòkó á dúdú lórí igi, á jẹrà, ẹ máa ra oògùn, ẹ máa fín in, owó ń lọ. Làpálàpá tó wà lórí ọmọ, fungi ni wọ́n ní ó jẹ́. Búrẹ́dì tó bu ńkọ́? Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé ó ń pa ọ̀pọ̀lọ́ run káàkiri ayé. Ẹ wá ní ká máa dáàbò bò ó. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tisa_Bayoloji

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ìbéèrè gidi lẹ bi, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lè gùn díẹ̀.

Ti kòkó yẹn ná. Gbogbo wa la máa ń pè é ní fungi, wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé ìwé, àmọ́ kì í ṣe é. Phytophthora lorúkọ ẹ̀, bí wọ́n sì ṣe wá yẹ ìran ẹ̀ wò dáadáa, wọ́n rí i pé ẹbí àwọn ewé búráùn tó ń hù nínú òkun ló jẹ́. Ó kàn jọ fungi lójú ni, bí àdán ṣe jọ ẹyẹ. Nítorí náà ẹ̀sùn yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́rùn olú.

Ti ọ̀pọ̀lọ́, òótọ́ ni, ó sì burú. Fungi kan tó ń jẹ́ chytrid máa ń wọ awọ ara wọn, awọ yẹn ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mumi tó tún fi ń mí, tó bá ti bàjẹ́ ó tán. Àwọn onímọ̀ kà á lọ́dún 2019 pé irú àkèré, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ẹbí wọn 501 ló ti dín kù nítorí ẹ̀, 90 nínú wọn ló jọ pé ó ti parun pátápátá. Àmọ́ ta ló gbé e kiri? Ọmọ èèyàn ni. Ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ ti bá a gbé pẹ́, kì í pa wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwa la kó ọ̀pọ̀lọ́ sínú ọkọ̀ òfúrufú fún títà àti sísìn, a sì gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí.

Tí ẹ bá wá kó gbogbo àwọn tó ń ṣàìsàn fún èèyàn, ẹran àti igi jọ, ẹ̀ka kékeré ni wọ́n jẹ́ nínú odindi ìran náà. Fungi kì í ṣe ewéko, láti 1969 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Whittaker ti là á sọ́tọ̀ pé ìjọba tirẹ̀ ló ní, bíi ti ẹranko, bíi ti ewéko, ìwádìí sì ti fi hàn lẹ́yìn ìyẹn pé àwa ẹlẹ́ran ara ló bá tan jù, kì í ṣe igi. Olú tá à ń rí yẹn, èso lásán ni. Ara ẹ̀ gan-an jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré sí irun, ó ta kiri nínú ilẹ̀ àti nínú igi tó ti kú. Òun ló ń jẹ igi tó ṣubú di ilẹ̀ padà, bí kò bá sí i, òkìtì igi ni à bá máa gbé lórí ẹ̀. Nínú irúgbìn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ní fungi tó so mọ́ gbòǹgbò ẹ̀, igi á fún un ní ṣúgà, òun á bá igi wá omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá láti ibi tí gbòǹgbò ò lè dé. Igi kòkó yín náà ń jẹ nínú ẹ̀, Bàbá.

Ohun tó ń mú ẹmu hó nínú akèrègbè, ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú, fungi wà nídìí gbogbo wọn.

Baba_Koko_Idanre

Tíṣà, o ṣé. Ti kòkó yẹn jọ mí lójú o. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo ti ń fín in.

Famasi_Ilorin

Kí n fi díẹ̀ tì í. Pẹnisílíìnì tí Alexander Fleming rí ní London lọ́dún 1928, ohun tó bu nínú àwo ẹ̀ ló ti wá. Oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún kí ara ẹ̀ má bàa kọ̀ ọ́, ciclosporin, inú fungi kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ tí wọ́n bù láti orí òkè kan ní Norway ni. Oògùn tó ń lé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, tí mò ń tà lójoojúmọ́ fún àwọn ìyá àti bàbá wa, Akira Endo ará Japan ló kọ́kọ́ rí irú ẹ̀ nínú fungi, lẹ́yìn tó ti dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wò. Ìwọ̀nba tá a lórúkọ fún la ti rí gbogbo èyí o.

Olu_Eleran_Abk

Ẹ kú ìjíròrò. Olú ni mò ń gbìn jẹ l'Ábẹ́òkúta, olú oyster. Eérún pákó tí wọ́n ń kó dànù ní sọ́mìlì la fi ń ṣe é, a ó sè é, a ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá, a ó fi irúgbìn sí i, bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó ti funfun báláú, ó sì ti ń yọ. Èmi rò pé àtúnṣe ọ̀rọ̀ yìí ò le: ká gbin gbogbo ẹ̀. Èyí tá a bá ti ń gbìn ò ní parun, àwọn tó ń lọ hú u nínú igbó náà á simi. Kí ló dé tá ò lè gbin ti orí ògán yẹn náà?

Dele_Milwaukee

Bùọ̀dá Olu_Eleran, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbìn o, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi ń rí níbí. Olú oyster kan wà, yẹ́lò ni, ó rẹwà bí òdòdó, ilẹ̀ Éṣíà níhà ìlà oòrùn ló ti wá. Wọ́n gbé e wá sí Amẹ́ríkà láti gbìn, ó sì jáde kúrò nínú oko. Ní Wisconsin tí mo wà, tí mo bá ń rìn lẹ́bàá odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, gbogbo igi elm tó kú ló kún fún un, látòkè délẹ̀. Ó ti wọ ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún báyìí. Àwọn tó lu igi náà tí wọ́n yẹ inú ẹ̀ wò sọ lọ́dún 2025 pé igi tí èyí bá ti gbà, irú fungi mìíràn tó wà nínú ẹ̀ kéré gan-an sí ti igi tí kò tíì dé. Àwọn onílé ti kó jáde fún àlejò. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sè é, mo fi àwòrán ránṣẹ́ sílé. Ní báyìí tí mo bá rí i, mi ò mọ bó ṣe yẹ kó rí lára mi.

Tisa_Bayoloji

Olu_Eleran, oyster ṣeé gbìn torí igi tó kú ló ń jẹ. Ẹ bá a wá òkú igi, ó ti tó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olú ló jẹ́ pé wọn kì í dá gbé.

Ẹ wo ti orí ògán tí Omo_Oloko ń sọ. Termitomyces ni wọ́n ń pè é nínú sáyẹ́ǹsì. Ikán ló gbìn ín! Ikán á jáde lọ gé ewé gbígbẹ àti igi, á rún un wọnú, á yà á jáde, á fi mọ nǹkan bí afárá oyin sínú ògán, orí afárá yẹn ni olú ti ń ta okùn. Ikán ò lè da igi náà fúnra ẹ̀ dáadáa, olú ló ń bá a rọ̀ ọ́, ikán á wá jẹ ẹ́. Wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe é láti nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ní Áfíríkà níbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni ikán kí ọmọ èèyàn tó mọ ọkọ́. Tí òjò bá wá rọ̀ wọlẹ̀, olú á ta ọ̀pá gígùn yẹn láti inú afárá gba inú ilẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dá tá a bá ń fà á. Ní Zambia ọ̀kan wà, Termitomyces titanicus, orí ẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan, ọmọdé lè fi ṣe agboòrùn.

Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ti dá, ní lábù, nínú ọ̀rá, wọn ò tíì rí i gbìn kó máa so fún ọjà láìsí ikán. Ó tún ku kan: nínú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀, ikán tó bá dá ilé tuntun sílẹ̀ kì í gbé olú dání wá. Ìta ló ti ń ṣa irúgbìn ẹ̀, ìyẹ̀fun tó ń bọ́ lábẹ́ orí olú tó ti là. Tá a bá wó ògán, a pa olú. Tá a bá hú olú tán kó tó là, ògán tuntun lè má rí irúgbìn.

Olú matsutake ti Japan náà, gbòǹgbò igi páìnì ló so mọ́. Wọn ò rí i gbìn. Kòkòrò wẹ́rẹ́ kan tó bá pákó wọ Japan láti Amẹ́ríkà ló ń pa igi páìnì wọn, igi ń kú, olú ń lọ, lọ́dún 2020 ni IUCN kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu.

Ibì kan wà ṣá tí ọgbọ́n yín ti ṣiṣẹ́, Olu_Eleran. Ní erékùṣù Sicily ní Ítálì, lórí àwọn òkè Madonie, olú funfun kan wà tó jẹ́ ẹbí oyster, Pleurotus nebrodensis.  Owó gọbọi ni wọ́n ń rà á, wọ́n hú u títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, 2006 ni IUCN kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà létí kòtò. Ìgbà yẹn, kò ju bí i mẹ́ta lọ tó jẹ́ fungi nínú gbogbo ìwé wọn, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ líkẹ́nì, irú nǹkan tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta àti èèpo igi yẹn. Ẹkùn, erin, ìjàpá ló kún ibẹ̀. Àwọn alábòójútó òkè náà wá ṣòfin pé èyí tí orí ẹ̀ ò tíì tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n sì ń gbìn ín sí oko báyìí láti dín hàáhàá ti orí òkè kù. Òfin àti oko, méjèèjì pa pọ̀.

Alhaja_Onisowo

Ọjà aṣọ ló ń gbé mi lọ sí Guangzhou ní Ṣáínà, mo ti ń lọ ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ṣọ́ọ̀bù kan wà lójú ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì tí mo máa ń sùn, wọ́n to nǹkan kan sínú gíláàsì bíi wúrà, ó dà bí ìdin gbígbẹ tí igi kékeré hù lórí ẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń túmọ̀ fún mi, ó ní àgbo ni, pé fungi ló wọnú ìdin tó wà nínú ilẹ̀, ó jẹ inú ẹ̀ tán, ó wá yọ láti orí ẹ̀ bí koríko. Àwọn ará Tibet ń pè é ní yartsa gunbu, ìtúmọ̀ ẹ̀ ni koríko ìgbà ooru, kòkòrò ìgbà òtútù. Owó tó pè fún gíráàmù mélòó kan, mo ní kó tún un sọ. Nígbà yẹn, èyí tó bá dáa gan-an ju wúrà lọ tí wọ́n bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n.

Orí àwọn òkè gíga Tibet, Nepal, Bhutan ni wọ́n ti ń wá a, odindi ìdílé á fi ilé sílẹ̀ lọ pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ máa fojú wá a nínú koríko. Owó ilé ìwé ọmọ wọn wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní kò pọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́, àwọn tó ń wá a ti pọ̀ jù, ooru náà sì ń pọ̀ sí i lórí òkè. Òun náà wọ ìwé IUCN ní 2020. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi, ẹ̀yin èèyàn mi. Oníṣòwò ni mí, mo mọ ohun tí owó ilé ìwé ń ṣe fún òbí.

Bolu_UNAAB2

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, ìbéèrè kékeré. Lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì wa olú ń hù, funfun, ó pọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní tí kòkòrò bá ti jẹ lára ẹ̀ èèyàn lè jẹ ẹ́, pé tá a bá fi àlùbọ́sà sè é tí àlùbọ́sà ò dúdú ó dáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Famasi_Ilorin

Rárá o! Bolu jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Àlùbọ́sà ò mọ nǹkan kan, síbí sílífà ò mọ nǹkan kan, kòkòrò lè jẹ ohun tó máa pa ẹ́ kó sì máa bá tiẹ̀ lọ. Olú kan wà tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá tí wọ́n ń pè ní death cap, bí wọ́n ṣe ń kó igi láti ibì kan lọ síbòmíì ló bá gbòǹgbò wọn dé Kalifóníà àti Ọsirélíà, ó dùn lẹ́nu, àwọn tó jẹ ẹ́ tí wọn ò kú ló sọ bẹ́ẹ̀. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní ṣe nǹkan kan. Ẹni náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, á máa bì, lẹ́yìn náà ara á jọ pé ó ti yá, àsìkò yẹn gan-an ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Àfi olú tí ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ látìgbà pípẹ́ bá fọwọ́ ara ẹ̀ hú fún ọ. Ẹ máa ya àwòrán tẹlẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ fi sílẹ̀.

Iya_Ibeji_Cardiff

Bolu, ya àwòrán ẹ̀ lóòótọ́ o. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ iNaturalist, ọ̀fẹ́ ni, fi síbẹ̀ pẹ̀lú ibi tó o ti rí i àti ọjọ́ náà, àwọn tó mọ̀ á bá ọ sọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Red List máa ń wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí wọn ò lè sọ pé nǹkan ń dín kù bí wọn ò bá mọ ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Mo lọ sí Kew, ọgbà ìwádìí ewéko ní London, lọ́dún kan nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fáwọn èèyàn, olú gbígbẹ tí wọ́n tò sínú àpótí lé ní mílíọ̀nù kan, láti gbogbo ayé. Ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ tún wo Chile. Obìnrin kan, Giuliana Furci, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ń yọ ìjọba lẹ́nu títí ìjọba fi fi fungi sínú òfin àyíká wọn, pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá tàbí wa ilẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ fungi ibẹ̀ wò, bó ṣe ń yẹ ẹranko àti igi wò. Chile ló kọ́kọ́ ṣe é láyé. Tí irú òfin yẹn bá ti wà lọ́nà Ìfọ́n, ẹnì kan ì bá ti ka ògán yẹn kí katapílà tó débẹ̀.

Omo_Oloko_Owo

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo padà lọ sílé ni. Lẹ́yìn gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí, mo ní kí n lọ bá ìyá wa yẹn jókòó kó tó pẹ́ jù, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ ọpọlọ mọ́ roro.

Mo fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ó ka orúkọ fún mi, mi ò mọ ìlàjì ẹ̀ rí. Ó ní tákélé, ó ní olú ọ̀ran tó kéré funfun tó máa ń tú jáde bí ẹni da ìrẹsì sílẹ̀, tí kì í hù lórí ògán gan-an, àyíká ibi tí ikán bá wà ni. Ó ní ẹsẹ̀ adìẹ tó ń hù lára igi tó ti kú, tó le lẹ́nu, tí wọ́n máa ń sè pẹ́. Ó ń sọ ti oṣù, ti irú ilẹ̀, ti èyí tí wọ́n ń kó fún ọlọ́mọ. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé ọ̀mọ̀wé kan, B. A. Oso, ti kọ irú orúkọ báyìí sílẹ̀ lọ́dún 1975 nínú ìwé àwọn onímọ̀ olú ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ olú àti àwa ọmọ Yorùbá. Ara mi bù máṣọ. Àádọ́ta ọdún ti kọjá, orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè padà wá kọ ọ́ rèé. Mo bi í bí wọ́n ṣe ń hú u. Ó ní wọn kì í fọwọ́ kan èyí tí orí ẹ̀ ò tíì là, pé èyí tó bá sì ti là gbalaja tó ti ń rọ̀, wọ́n á fi sílẹ̀, pé ti ògán nìyẹn. Mo ní ta ló kọ́ yín? Ó ní ìyá òun. Mo rántí ti Sicily tí Tíṣà kọ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, mo dákẹ́ fúngbà díẹ̀.

Ó wá bi mí pé ṣé mo dé ti ẹ̀yìn ọ̀pẹ, lẹ́bàá ààlà. Mi ò mọ̀ pé ìkan wà níbẹ̀ rí! Ó ní ọmọdé ni wá, wọn kì í mú wa dé ọ̀hún nítorí ejò. Èmi àti àbúrò mi lọ lánàá. Ògán kan wà níbẹ̀, kò ga, igi bò ó, katapílà ò dé ibẹ̀ torí ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ka olú mọ́kànlá. A hú mẹ́rin, a fi yòókù sílẹ̀. Mo ti bá ẹni tó háyà ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ibẹ̀ yẹn ò wúlò fún òun, kò ní da oògùn débẹ̀, àbúrò mi sì fi ọ̀dà funfun sàmì sára igi mẹ́rin yí i ká.

Baba_Koko_Idanre

Ọlọ́run á dá ìyá sí fún wa. Ọmọ mi, bi í bóyá ó mọ èyí tó ń hù lábẹ́ igi kòkó tó ti kú, pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyàwó mi máa ń sè é, mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà tó ti lọ. Èmi náà máa ya àwòrán ẹ̀ tí òjò bá dé.

Tisa_Bayoloji

Omo_Oloko, ṣé ẹ ti jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni? Bí ó bá ku ọ̀kan, ẹ là á sí méjì látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ya inú ẹ̀, ẹ ya abẹ́ orí ẹ̀, ẹ ya ìdí gígùn yẹn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó là á, ẹ gé orí ẹ̀, ẹ dojú ẹ̀ dé orí bébà funfun, ẹ fi abọ́ bò ó mọ́jú. Ìyẹ̀fun abẹ́ ẹ̀ á bọ́ sórí bébà, ẹ sọ àwọ̀ tó jẹ́ fún wa.

Omo_Oloko_Owo

Ó ku ọ̀kan, ìyá ní kí n gbé e pamọ́ fún òun. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ti yọ̀ǹda orí ẹ̀. Ó wà lábẹ́ abọ́ lórí tábìlì báyìí.

Omo_Oloko_Owo

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ṣí i láago mẹ́fà. Ó yà bí ìtànṣán oòrùn sórí bébà, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yípo. Àwọ̀ ẹ̀ dà bíi pínkì tó ti ṣá. Ìyá fi ìka kàn án, ó bi mí pé ṣé èyí ni ikán ń wá ṣa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní kí n ká bébà náà dáadáa, ká jọ gbé e padà lọ sẹ́yìn ọ̀pẹ.